Níbi Tí Wọ́n Ti Dáwó, Orúkọ Wà Níbẹ̀: Wíwá Àwọn Baba Wa Nínú Ìwé Lọ́ọ̀jì

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún àwọn tó ń wá ìtàn ìdílé wọn ní Èkó nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fi àárọ̀ Sátidé yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ti lọ, ẹ ṣeun, ẹ kú ìjókòó.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti bá baba ńlá mi pàdé. Ọdún 1938 ló kú, n ò bá a láyé. A fẹ́ kun yàrá kan lọ́dà nínú ilé ẹbí, wọ́n sì ní kí n gbé àpótí pákó kan síta. Mo ṣí i. Bàǹtẹ́ awọ kan ló wà lókè, funfun tó ti pọ́n bí eyín àgbà, rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ojú ọ̀run sì yí i létí ká. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Olówógbowó, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, "Dá a padà síbi tó o ti rí i. Nǹkan ẹgbẹ́ Bàbá ni. Nǹkan yẹn ló pa ìyá àgbà." Mo dá a padà. Ọdún mọ́kànlá kọjá kí n tó tún fọwọ́ kàn án.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa nìkan. Mo mọ ilé tí wọ́n ti kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú garawa, tí wọ́n da kẹrosíìnì sí i lọ́jọ́ ìdáǹdè. Mo mọ èyí tí wọ́n gbé lọ jù sínú ọ̀sà lóru. N ò bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀sìn rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwé sábà máa ń wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí yẹn: ìwé ẹ̀rí ìgbawọlé, káàdì ìsanwó, fọ́tò tí wọ́n kọ orúkọ ogún ènìyàn sí lẹ́yìn. Iná kì í jó bàǹtẹ́ kó fi ìwé sílẹ̀.

Ẹ̀rù náà ní gbòǹgbò. Àwa tí a mọ ilédì, ilé ìpàdé àwọn Ògbóni, tí a mọ ohun tí à ń pè ní ìmùlẹ̀, kò ṣòro fún wa láti gbà pé ẹgbẹ́ tó ń tilẹ̀kùn mọ́rí ṣèpàdé ní ohun tó ń fi pamọ́. Ìjọba tún wá fi tirẹ̀ kún un. Ní 1977, ìjọba ológun ní kí òṣìṣẹ́ ọba jáwọ́ nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 náà sọ ọ́ ní abala 38 pé òmìnira ẹ̀sìn kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tàbí láti wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń jẹun lábẹ́ ìjọba nígbà náà, ṣé ó máa gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ pẹ̀lú bàǹtẹ́ kọ́ sí pálọ̀ ni? Ó ká a, ó sọ ọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àmọ́ orúkọ kan náà, ẹgbẹ́ òkùnkùn, la fi ń pe nǹkan mẹ́rin tí kò bára wọn tan. Ògbóni ìbílẹ̀ wà, tó ti wà nílẹ̀ kí òyìnbó tó dé, tí kì í kọ nǹkan sínú ìwé. Àwọn Freemason wà, tí wọ́n dá Grand Lodge wọn, ìyẹn olú ẹgbẹ́ wọn, sílẹ̀ ní London ní 1717, tí wọ́n sì ti ní lọ́ọ̀jì, ìyẹn ẹ̀ka ẹgbẹ́, ní Èkó láti 1867. Àwọn ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ wà, irú àwọn Oddfellows tí Manchester dá sílẹ̀ ní 1810, àwọn Foresters ti 1834, àti àwọn Rechabites ti Salford, tí ọmọ ẹgbẹ́ wọn kì í fẹnu kan ọtí. Ìkẹrin ni Reformed Ogboni Fraternity, tí àlùfáà Áńgílíkà, T. A. J. Ogunbiyi, dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1914, tó sì kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹgbẹ́ Ògbóni àwọn Kristẹni. Ẹni tó bá ń wá baba rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo ni nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ibi tí ìwé ọ̀kan wà kọ́ ni ìwé èkejì wà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó gbé mi wá síbí gan-an. Àṣírí àwọn ẹgbẹ́ yìí kò sí nínú orúkọ. Bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ìgbawọlé, ìwọ̀nyẹn ni wọn kì í kọ. Ṣùgbọ́n owó ń wọlé, ẹnì kan ló ń gbà á, ẹlòmíràn ló ń kà á, akọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá dáwó, orúkọ rẹ̀ á wọ̀wé. Ẹni tí kò bá dáwó, orúkọ tirẹ̀ á tún wọ̀ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn baba wa kò ní ìwé ìbí, tí ìwé ìbatisí wọn ti bá òjò lọ, akápò lọ́ọ̀jì ń kọ orúkọ wọn lóṣooṣù.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu pé wọ́n wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa mọ èésú tipẹ́tipẹ́. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí òdìkejì òkun gbé e dé Trinidad, susu sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tí akọ̀wé ìjọba kan ní Èkó gbọ́ nípa ẹgbẹ́ tó ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le, kí wọ́n lè fún un lówó nígbà àìsàn, kí wọ́n lè sin ín tó bá kú, kí opó rẹ̀ má baà tọrọ jẹ, àjọ ló rí. Àjọ tó ní aṣọ oyè, tó ní orin, àmọ́ àjọ náà ni.

Ẹgbẹ́ tó bá sì máa san owó àìsàn gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tó ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìwé ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ fi máa ń dùn ún kà ju ìwé Freemason lọ. Wọ́n á béèrè ọjọ́ orí, wọ́n á béèrè iṣẹ́, dókítà á yẹ ara rẹ̀ wò. Tó bá ṣàìsàn, wọ́n á kọ ọjọ́ tó dùbúlẹ̀ àti ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Tó bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹ̀ka rẹ̀ á fún un ní ìwé láti fi wọ ẹ̀ka tibẹ̀, ẹni tó bá rí ìwé bẹ́ẹ̀ ti rí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ gbà. Ẹ má ṣe rò pé ọkùnrin nìkan ni o: láti 1892 ni àwọn Foresters ti ń gba obìnrin. Ẹ wá àwọn ìyá yín náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ló tún fún wọn lọ́rùn láti máa kọ ọ́. Ní 1793, òfin ní kí ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ tó bá fẹ́ ààbò òfin fi ìlànà rẹ̀ hàn níwájú àwọn adájọ́ àdúgbò. Ní 1799, ìbẹ̀rù ìṣọ̀tẹ̀ ilẹ̀ Faransé mú kí wọ́n fòfin de àwọn ẹgbẹ́ ìbúra, wọ́n sì yọ̀ǹda àwọn Freemason lórí àdéhùn kan: kí akọ̀wé lọ́ọ̀jì kọ̀ọ̀kan máa kó orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fún akọ̀wé ìjọba àgbègbè lọ́dọọdún. Títí di 1967 ni òfin yẹn fi wà. Ẹ̀yin tí baba yín ṣe atukọ̀ tó fìdí kalẹ̀ sí Liverpool tàbí Cardiff, tàbí tó lọ kàwé tó dúró síbẹ̀, ẹ béèrè ìwé yìí ní ilé àpamọ́ àgbègbè náà. Ìkìlọ̀ kan: ìwé ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ tó wà ní ilé àpamọ́ ìjọba ní Kew, ìlànà ẹgbẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ṣọ̀wọ́n. Orúkọ ń bẹ nínú ìwé ìpàdé àti ìwé owó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Ní ti àwa ará Èkó, rẹ́jísítà ńlá ti Grand Lodge England ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Lọ́ọ̀jì tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, ibi yòówù kó wà láyé, gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹni tó bá gbà wọlé ránṣẹ́ sí London pẹ̀lú owó rẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán rẹ́jísítà náà láti 1751 dé 1921, ó sì wà lórí Ancestry, ìkànnì ayélujára fún wíwá ìtàn ìdílé. Fún ẹni tó wọlé lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí ilé ìkówèésí àwọn Freemason ní Great Queen Street, ní London. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ Scotland ni lọ́ọ̀jì náà wà, Edinburgh lẹ máa kọ̀wé sí. Tó bá jẹ́ Ireland, Dublin ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní lọ́ọ̀jì nílẹ̀ wa. Mo ti rí ẹni tó fi ọdún méjì wá bàbá rẹ̀ ní London, tó jẹ́ pé Edinburgh ni ìwé rẹ̀ wà.

Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún ènìyàn nínú rẹ́jísítà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lórí ìlà yẹn: ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó bọ́ sí ìpele kejì àti ìkẹta, orúkọ, ọjọ́ orí, ibùgbé, iṣẹ́, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ nínú ẹgbẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá baba ńlá mi níbẹ̀ tí n ò rí i. Orúkọ tí à ń jẹ́ lónìí ni mo fi ń wá a, orúkọ Yorùbá, n ò sì rántí pé ó ti jẹ́ orúkọ òyìnbó rí. Ẹ má ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ẹ wo àwọn gbajúmọ̀ Èkó àtijọ́. Ẹ rántí pé David Brown Vincent ni Mojola Agbebi kí ó tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1894. Edmund Macaulay ni wọ́n sọ Kitoyi Ajasa nígbà tí wọ́n bí i. Assumpção ni ìdílé Adeyemo Alakija ń jẹ́ kí wọ́n tó padà sí orúkọ Yorùbá wọn ní 1913. N ò sọ pé wọ́n wà nínú rẹ́jísítà o. Orúkọ ni mò ń sọ. Ẹni tó wọ lọ́ọ̀jì ní 1890 lè jẹ́ orúkọ Sàró (ti àwọn tó padà wá láti Sierra Leone) nínú ìwé, kí ó jẹ́ orúkọ Àgùdà (ti àwọn tó padà wá láti Brazil) nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, kí orúkọ tó wà lára òkúta ibojì rẹ̀ sì tún yàtọ̀. Kí ẹ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ gbogbo orúkọ tí bàbá náà jẹ́ rí, títí kan èyí tí ẹnu ọmọ ilé ìwé yí padà.

Nígbà tí mo fi orúkọ àtijọ́ yẹn wá a, ó jáde. Akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, Èkó. Ó wọlé ní 1909, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo gbé ìwé sílẹ̀, mo ṣírò rẹ̀ léraléra. Òkúta ibojì rẹ̀ sọ pé ẹni ọgọ́rin ọdún ni nígbà tó kú ní 1938. Bí ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ní lọ́ọ̀jì bá jóòótọ́, ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta péré ló lò. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi ọdún kún un, bí a ṣe máa ń ṣe, kí òkú wọn má baà dà bí òkú ọ̀fọ̀. Gbogbo ìtàn tí a ti ń sọ nípa ohun tó ṣe "nígbà ogun Kírìjì" ni mo ní láti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ọmọdé ló jẹ́ nígbà tí ogun yẹn parí ní 1886.

Ohun mìíràn tó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni èdè wọn. Lọ́ọ̀jì ni àwọn Freemason àti Oddfellows ń pe ẹ̀ka wọn. Àwọn Foresters ń pe tiwọn ní Court, àwọn Rechabites ń pè é ní Tent. Arákùnrin kan fi fọ́tò bàbá rẹ̀ hàn mí, wọ́n kọ Court sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan, gbogbo ìdílé sì ti ń sọ fún ogójì ọdún pé adájọ́ ni bàbá. Foresters ni bàbá. Ẹlòmíràn rí P.M. lẹ́yìn orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Lẹ́tà méjì yẹn túmọ̀ sí ẹni tó ti jẹ olórí lọ́ọ̀jì rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá rí Bro., ìyẹn Brother, níwájú orúkọ nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ má ṣe sáré fà á mọ́ ìdílé bí ọmọ ìyá. Ẹ wo àmì pẹ̀lú. Kọ́ńpáàsì àti igun irin àwọn bíríkìlà, Freemason nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n olójú mẹ́ta tàbí ọkàn lórí àtẹ́lẹwọ́, Oddfellows. Orí àgbọ̀nrín àti ìwo ọdẹ, Foresters. Ẹ ya fọ́tò òkúta náà kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Ìyẹn ni bí òkúta bá ṣẹ́kù. Itẹ́ òkú Àjẹlẹ̀, níbi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ àwọn Sàró àti Àgùdà sí, níbi tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sùn sí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1891, ìjọba wó o palẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n gbé egungun Crowther lọ sí Kàtídírà ní Mẹ́rínà. Àwọn yòókù kò rí ẹni gbé wọn. Kò sí ìgbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá tí ara mi kì í bù máṣọ, torí ara òkúta ibojì ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń fín àmì wọn sí.

Ohun tí òkúta sọ nù, ìwé ìròyìn lè fún yín padà. Èkó ní ìwé ìròyìn púpọ̀ láyé ìgbà yẹn: Lagos Times láti 1880, Lagos Observer láti 1882, Lagos Weekly Record tí John Payne Jackson dá sílẹ̀ ní 1891. Bí ọmọ lọ́ọ̀jì kan bá kú, ìròyìn ìsìnkú rẹ̀ lè sọ bí àwọn ẹgbẹ́ ṣe tò tẹ̀lé pósí, ẹni tó dúró fún lọ́ọ̀jì, ilé tí wọ́n ti gbé òkú jáde. Ẹ wá wọn ní ilé ìwé àpamọ́ ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ní British Library. Ẹ kó sùúrù dání lọ. Ìwé náà ti gbó, ojú á ro yín.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín wà ní Bahia, ní Brazil, tiyín tún ládùn jù. Ní 1832, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ti dòmìnira, Manoel Victor Serra, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní Salvador, wọ́n dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Sociedade Protetora dos Desvalidos, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn aláìní, sílẹ̀. Inú àpótí kan ni wọ́n ń fowó pamọ́ sí, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló ń ṣí i, ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n wà, kí ẹnì kan má baà dá a ṣí. Ìgbà oko ẹrú nìyẹn o, ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ṣáájú kí Brazil tó fòpin sí i ní 1888. Wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń sìnkú ara wọn, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Nígbàkigbà tí mo bá ronú kan kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta yẹn, inú mi máa ń dùn bí ẹni rí ẹbí.

Mo fẹ́ padà sílé báyìí, torí inú ilé ni iṣẹ́ yìí ti le jù. Bí ẹ bá bi àgbà léèrè pé, "Ṣé ẹgbẹ́ awo ni Bàbá wà?" ó máa pa ẹnu dé. Mo ti ṣe é, mo mọ̀. Ẹ béèrè pé, "Ta ló gbé pósí? Ta ló wá kí opó? Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀?" Màmá Olówógbowó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí mo jókòó tì í pẹ̀lú irú ìbéèrè yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n sin bàbá àgbà rẹ̀. Ó ní òun rántí pé àwọn ọkùnrin tó fi ìbọ̀wọ́ funfun sọ́wọ́ wá sìnkú ọ̀rẹ́ Bàbá ní òpópónà wa, ṣùgbọ́n nígbà tó kan Bàbá, ẹnì kankan kò wá. Ó ní gbogbo ilé mọ ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ béèrè ohun tí Bàbá kò lè fún wọn, wọ́n gba ìyá àgbà àti ọmọ rẹ̀ kan dípò rẹ̀, wọ́n sì lé Bàbá dànù.

Mo ti rí i nínú rẹ́jísítà pé wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́. Lópin ìlà rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà níbẹ̀, excluded, pẹ̀lú ọdún 1920. Àyà mi já nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ èdè àwọn Freemason mọ̀ pé expelled ni wọ́n máa ń kọ fún ẹni tó ṣe ohun tó burú jáì. Gbèsè ló sábà máa ń fa excluded, pé ẹni náà kò san àsansílẹ̀ rẹ̀.

Mo wá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé ìsìnkú. Oṣù kẹsàn-án 1918 ni ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn inflúẹ́ńsà wọ Èkó. Ní oṣù kẹwàá, ojú ìwé yẹn kún débi pé akọ̀wé ń kọ ìlà sáàárín ìlà. Mo rí ìyá àgbà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ọmọ náà.

Mo ka ọjọ́ wọ̀nyẹn fún Màmá létòlétò. Ikú ní 1918. Gbèsè lẹ́yìn rẹ̀. Yíyọ ní 1920. Mo tún un kà, torí etí rẹ̀ ti wúwo. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ń fọwọ́ pa etí gèlè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó bi mí pé, "Èló ni gbèsè náà?"

Mo ní ìwé yẹn kò sọ iye.

Ó ní kí n kọ̀wé sí wọn ní London, kí n béèrè bóyá wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wa. Ó sì ní kí n bá òun gbé àpótí náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.